Oògùn Tí Àwọn Ẹgbẹ́ Àgbà Pín Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, èmi náà béèrè rí. Mo jókòó sábẹ́ igi kaṣú lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, gbogbo ará ilé sì ń wò mí bí ẹni tó máa tó di gómìnà. Ìyá mi ní kí n lọ ṣe olùkọ́. Bàbá mi ní iṣẹ́ ìjọba ló dára. Kò sí ẹni tó ní kí n lọ máa gbọ́ bí ọkàn àwọn arúgbó ṣe ń lù, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá tún fún mi ní ayé mìíràn, mo rò pé òun náà ni n ó tún mú.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ni bí ara ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan sì ń wá ẹni tó kàwé, tó tún gbọ́ Ìgbómìnà dénú. Àwọn àgbàlagbà tí dókítà náà fẹ́ ṣe ìwádìí láàrin wọn kì í tú ìdí ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ń sọ Yorùbá inú ìwé sí wọn. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Orúkọ dókítà náà ni Ìbídùn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ẹ̀rín rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n bí òjò inú ọyẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni láti abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Ọdẹ. Ní ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń kọ ebè, ó ṣubú, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ rọ, kò sì pẹ́ tó fi kú. Gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ orí ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti di dókítà nígbà yẹn, ó sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá òun ń ru. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà ni. Àwọn kan ní bí ènìyàn bá ti darúgbó, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀ kí ó lè dé orí, pé ẹni tó bá fi oògùn mú un wálẹ̀ ń pa á lára ni. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ti bi àwọn àgbàlagbà tiwa, tí wọ́n ṣì ń gun òkè Ìgbómìnà lọ sóko ní ọjọ́ ogbó, léèrè ohunkóhun.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó sọ fún mi pé, “Kọ́lá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí èmi náà tó darúgbó. Ohun tó pa bàbá mi, ṣé ọjọ́ orí ni, àbí ohun tí hóró oògùn lè dá dúró? Bí o bá rò pé ìbéèrè kékeré nìyẹn, máa lọ sílé báyìí.”

N kò lọ sílé.

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó pẹ́ gan-an kí Dókítà tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Ó fún mi ní ohun tí àwọn dókítà ń tì bọ etí láti fi gbọ́ àyà, ó ní kí n máa fi gbọ́ àyà ara mi ní òròòwúrọ̀ kí n wá ròyìn fún òun.

“Kí lo gbọ́?”

“Ó ń lù, mà.”

“Agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà ń lù. Padà lọ gbọ́.”

Mo padà. Mo wá gbọ́ pé ohùn méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Mo gbọ́ pé èyí àkọ́kọ́ wúwo ju ìkejì lọ, pé àlàfo tó tẹ̀lé ìkejì gùn ju ti àkọ́kọ́, pé bí mo bá mí sínú, nǹkan a yí padà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá di ìfẹ́ inú fún mi. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, mo gbé e lé àyà ewúrẹ́ ìyá mi. Ìyá mi ti inú ilé ìdáná yọjú.

“Kọ́lá! Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn? Kí ni ewúrẹ́ wí fún ọ?”

“Ọkàn rẹ̀ yára ju tèmi lọ, Màámi.”

“Ó gbọ́dọ̀ yára. Ó mọ̀ pé Ọdún Iléyá ti sún mọ́lé, àwọn ará iwájú ilé sì ti béèrè iye rẹ̀.”

Nígbà tí mo di ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀, ìyà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà ní ìgò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi dídán kan tó ń jẹ́ mẹ́kúrì ń gùn nínú rẹ̀. Ojú rẹ ni yóò ka ibi tó dúró nígbà tí etí rẹ bá gbọ́ ìró. Àwa tuntun fẹ́ràn nọ́ńbà tó gún régé. Bí mẹ́kúrì bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àádọ́jọ, a ó ní àádọ́jọ ni. Dókítà á wo bébà mi, á ní, “Kọ́lá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn kì í ka nọ́ńbà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Padà sí Arandun lọ wọn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.” N ó sì gun alùpùpù padà sí Arandun nínú òjò, láti lọ bẹ àwọn bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dágbére fún pé kí wọ́n tún ká apá aṣọ.

Nǹkan méjì ló le jù nínú iṣẹ́ náà, ìwé kankan kò sì kọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni obì. Obì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, àgbàlagbà wo ni yóò sì gba àlejò láì fọwọ́ kan obì? Ìkejì ni ìkíni. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í jókòó síbi kan. Ó yẹ kí ẹni tí à ń wọ̀n dákẹ́, kí ó sinmi ná. Ta ló ń dákẹ́ lójú àlejò nílẹ̀ wa? Wọn á kí ọ kú àárọ̀, kú ọ̀nà, kú òjò, wọn á béèrè bàbá, ìyá, àwọn tó wà ní Èkó, ewúrẹ́. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á ní ìwé ti sọ ọ́ di ẹran.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé n ó tètè dé, n ó kí gbogbo ilé tán pátápátá, n ó gba obì, n ó fi sápò, lẹ́yìn náà ni n ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ó tó àkókò.” Gbogbo wa á wá jókòó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí àga, ọwọ́ lé itan, a ó máa wo iwájú. Ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà á rò pé òkú kú. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Àdúrà Kọ́lá. Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ ń ṣe é. Bàbá Jìmọ́, tó jẹ́ apanilẹ́rìn-ín inú wọn, sọ pé nínú gbogbo àdúrà tí òun ti ṣe láyé, èyí nìkan ni kò sí ẹni tó ń béèrè owó níparí rẹ̀.

Abúlé Bàbá Jìmọ́ yìí kò jìnnà sí Èṣìẹ́, ibẹ̀ sì ni jàǹbá wa ti ṣẹlẹ̀. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìwádìí náà ṣe rí.

A kó àwọn bàbá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru díẹ̀ jọ láti abúlé mélòó kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù, a kì í kó o mọ́ wọn, oògùn gidi là ń fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó wà láàrin, tí àwọn dókítà ń jiyàn lé lórí, a ṣẹ́ gègé. Gègé ló ń sọ ẹni tí yóò gba hóró oògùn gidi àti ẹni tí yóò gba hóró òfìfo, tí kò ní nǹkan kan nínú bí kò ṣe ìyẹ̀fun. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Àwọn bàbá kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, èmi kò mọ̀, Dókítà kò mọ̀. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn ló mọ̀ ọ́n, ìwádìí sì gbọ́dọ̀ parí kó tó lanu. A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Ìgbómìnà gidi, kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Wọ́n mi orí, wọ́n tẹ̀ka.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́. Ní abúlé Bàbá Jìmọ́, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ dàgbà ń pàdé lábẹ́ igi odán kan lẹ́yìn ọjà. Wọ́n ti jọ kọ́ ilé ara wọn, wọ́n ti jọ sin òbí ara wọn. Bí wọ́n bá pa ẹran, wọ́n á pín in dọ́gba, àfi ti ẹni tó dàgbà jù, tí yóò gba ìpín àgbà lé tirẹ̀. Bàbá Àjàyí, ẹlẹ́sìn Kírísítẹ́nì tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, ni olórí wọn. Bàbá Dáda ló dàgbà jù.

Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ àbẹ̀wò mi, alùpùpù mi bàjẹ́ nítòsí Èṣìẹ́. Mo ní kí n yà kí wọn kí ẹni tó ń tún un ṣe tó parí. Mo bá wọn lábẹ́ igi. Igbá ńlá kan wà láàrin wọn. Mo rò pé ẹ̀pà ni. Mo sún mọ́ ọn. Hóró oògùn ni! Gbogbo oògùn tí a pín fún wọn ni wọ́n dà pọ̀ sínú igbá, Bàbá Àjàyí sì ń bù ú fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹran.

Mo ké. “Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“À ń pín oògùn ni, ọmọ Ọ̀mù. Káàbọ̀. Ṣé kò sí?”

“A ti sọ fún yín pé olúkúlùkù ní tirẹ̀!”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá Àjàyí wí. “Ẹ sì tún sọ pé àwọn kan nínú wa ń jẹ òfìfo. Ẹ fẹ́ kí n máa wo Jìmọ́ lójú kí ó máa jẹ òfìfo kí èmi máa jẹ gidi? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní.”

Bàbá Jìmọ́ dá sí i. “Ta ló sọ fún un pé tèmi ni òfìfo? Wálláhì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mò ń ṣàánú rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti wo àwo tó wà níwájú Bàbá Dáda. Hóró tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n ń fún un ní ìpín àgbà.

Mo gba hóró ọ̀hún lọ́wọ́ wọn, mo sì sáré lọ ròyìn. Dókítà ní kí a padà wá ní kùtù ọjọ́ kejì. Kí a tó dé, Bàbá Dáda ti jí lọ sóko rẹ̀, èyí tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tu koríko, bó ṣe nàró, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú láti orí ebè. Egungun itan rẹ̀ kán.

Jàǹbá gidi ni. Ọmọ Bàbá Dáda tó wà ní Èkó délé pẹ̀lú ariwo, ó ní àwọn dókítà fi bàbá òun dán oògùn wò bí eku. Àwọn tó ń bójú tó ìwádìí láti òkè ní kí a pa á tì. Wọ́n ní ohun tí a ti rí kò wúlò mọ́, nítorí bí gbogbo ènìyàn bá jọ ń jẹ gidi àti òfìfo pọ̀, ta ni a ó fi wé ta? Òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo rí Dókítà tó dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, tó ń wo ọ̀nà bí ẹni ń retí bàbá rẹ̀ láti oko.

Ó lọ jókòó ti Bàbá Dáda ní ilé ìwòsàn lójoojúmọ́. Nígbà tí ọmọ Bàbá Dáda tún ń pariwo lé Dókítà lórí, arúgbó náà na ọwọ́.

“Dákẹ́, ọmọ yìí. Oògùn kọ́ ló ṣubú, èmi ni. Ojúkòkòrò ìpín àgbà ló gbé mi ṣubú. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi jẹ tèmi, mo jẹ tẹlòmíràn, mo wá ru itan mi délé.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, “Bàbá, bí a bá ní kí ẹ má pín in mọ́, ṣé ẹ ó gbọ́?”

“Rárá.”

“Bí a bá bẹ̀ yín ńkọ́?”

“A ó ní a ti gbọ́, a ó sì pín in.”

A ń wakọ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ọ̀nà burú, òjò ti wà á. Lójijì ni Dókítà fọwọ́ gbá apá ọkọ̀. “Kọ́lá, àwa ni a jẹ́ òpè. Bí wọ́n bá jọ ń jẹ, a ó jọ kà wọ́n ni.”

N kò lóye. Ó ṣàlàyé títí a fi dé Ọ̀mù-Àrán. Dípò kí a ṣẹ́ gègé fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, a ó ṣẹ́ ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí gègé bá mú fún gidi, gbogbo wọn á jẹ gidi. Ẹgbẹ́ tó bá mú fún òfìfo, gbogbo wọn á jẹ òfìfo. Kí wọ́n dà á pọ̀, kí wọ́n pín in bó ṣe wù wọ́n, kò ní ba nǹkan kan jẹ́. A ó wá fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́. Yóò gba ẹgbẹ́ púpọ̀ àti ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ òtítọ́. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yí àwọn tó ń bójú tó wa láti òkè lọ́kàn padà. Àwọn kan ti ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn láyé, ìyẹn ló gbà wá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó dẹ́rù bà wá, ìyẹn ìpín àgbà. Bàbá Dáda fúnra rẹ̀, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, ló dìde láàrin ẹgbẹ́. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ìpín àgbà nínú oògùn ni pé kí àgbà kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì kí àwọn ọmọdé tó gbé tiwọn. Àwọn ọmọdé tó ń wí nípa wọn, eyín ti tán lẹ́nu wọn.

Ọdún wá ń gorí ọdún. Mo lọ láti Ìsánlú-Ìsin dé Òkè-Ọdẹ, láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Mo gbéyàwó, mo bímọ, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Irinṣẹ́ náà sì ń yí padà. Wọ́n gba ẹ̀rọ mẹ́kúrì lọ́wọ́ wa, wọ́n ní májèlé ni ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fún wa ní èyí tó ń lo bátìrì tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Kò fẹ́ràn mẹ́wàá-mẹ́wàá bíi tèmi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí etí ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà tóbi nígbà àtijọ́ tó fi jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú wálé lọ́dún tó kọjá kò ju àtàǹpàkò lọ, fóònù rẹ̀ ló ń fi wò ó. Ó gbé e fún mi, mo fi ìka ọwọ́ méjèèjì lé e, mo rí ọkàn ara mi tó ń lọ sókè sódò lójú fóònù bí ojú ọ̀nà Òkè-Ọdẹ. Mo wò ó pẹ́ títí. Ó ní, “Bàbá àgbà, ó ti tó.” Mo ní kò tíì tó.

Ẹ fojú inú wo ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí. Mo rí bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ nǹkan kan lára. Mo rí àwọn ẹgbẹ́ tí ara wọn le ju ti àwọn tó dá wà lọ, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá oko ni, bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ìgbà tí wọ́n ń rìn lọ sábẹ́ igi yẹn ni. Lónìí, ẹni mìíràn ń kọ́ ilé alájà fún àwọn òbí rẹ̀ láti Èkó, àwọn òbí náà sì dá jókòó sínú rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Kí ni ìyẹn ń ṣe sí ọkàn wọn? Mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi wá a.

Mo ti sáré kọjá ọjọ́ kan, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Ọjọ́ náà ni gbogbo ìyókù iṣẹ́ ayé mi ti wá.

Nígbà tí ìwádìí ń parí lọ, Bàbá Jìmọ́ kú. Abẹ́ igi kaṣú rẹ̀ ló ti ń ṣa èso, rọpárọsẹ̀ mú un, gẹ́gẹ́ bí bàbá Dókítà. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni wọ́n tú àṣírí gègé. Dókítà pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìdáhùn ti jáde: àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ oògùn gidi, rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn kò mú wọn bó ṣe mú àwọn tó jẹ òfìfo. Mo fò sókè. Òun kò mira.

“Ẹgbẹ́ Bàbá Àjàyí ńkọ́, mà?”

“Òfìfo.”

A jọ lọ. Ó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó lè rán èmi nìkan. Ó ní rárá. Gbogbo ẹgbẹ́ ti jókòó, àga Bàbá Jìmọ́ ṣófo láàrin wọn. Dókítà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, obìnrin tó ti ń ṣe ọ̀gá fún àwọn dókítà, ó sọ ọ́ fún wọn ní Ìgbómìnà abúlé bàbá rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹnì kan kọ́kọ́ fọhùn lẹ́yìn. “Òfìfo? Èyí tó jẹ́ kí n gun igi kaṣú lẹ́ẹ̀rùn yìí?” Àwọn mélòó kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú.

Bàbá Àjàyí bi í pé, “Bí gègé bá ti fún wa ní gidi, ṣé Jìmọ́ ì bá wà láàyè?”

“N kò mọ̀, Bàbá. Nípa ènìyàn kan, n kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo mọ̀.”

Bàbá Àjàyí yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Ṣé wọ́n sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó lè jẹ́ òfìfo?”

“Wọ́n sọ.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú wa?”

“Rárá.”

Ó tún kọjú sí Dókítà. “Ìwọ Ìbídùn, bàbá tìrẹ ńkọ́? O ní o fẹ́ mọ ohun tó pa á.”

“Mo ti mọ̀, Bàbá. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Ohun tí a lè dá dúró wà nínú rẹ̀.”

“Ikú Jìmọ́ wà nínú ohun tó jẹ́ kí o mọ̀ ọ́n?”

“Ó wà nínú rẹ̀, Bàbá.”

“Dìde nílẹ̀. Gbé gidi wá.”

A gbé e wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ẹni kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Nígbà tí mo parí, Bàbá Àjàyí kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ìpín Jìmọ́ dà?”

Mo wo Dókítà. Bàbá Àjàyí ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pé bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn bá kú, ìpín rẹ̀ kì í kú, ilé rẹ̀ là ń gbé e lọ títí ọdún òkú rẹ̀ yóò fi pé. Dókítà ní a kì í fún ẹni tí a kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní oògùn. “Ẹ wọ̀n ọ́n wò nígbà náà,” ni àgbà náà wí, ó sì ní kí wọ́n lọ pe ìyàwó olóògbé.

Ìyá Ràmátù dé, ó ti jáde opó, èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọkọ mi kò jẹ oògùn mọ́,” ló wí. “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó dákẹ́, ó gbé ọwọ́ lé itan. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n. Dókítà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Kò sí ọkùnrin kan lábẹ́ igi náà tí tirẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn Dókítà rẹlẹ̀. “Ìyá, ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ yín kẹ́yìn?”

“Wọn ẹ̀jẹ̀ tèmi kẹ̀? Láti ìgbà tí ẹ ti ń wá sílé wa, èmi ni mò ń gbé àga fún yín.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà wò mí, mo wò ó. Ó wá yíjú sí obìnrin náà pẹ̀lú ojú tó fi wo ọ̀nà ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa ìwádìí wa tì.

“Ìyá, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mélòó ló wà ní abúlé yìí?”

“Ó ju tàwọn ọkùnrin lọ,” ni Ìyá Ràmátù wí. Ó sì ká apá aṣọ kejì sókè, ó ní kí a wo ìyẹn náà, bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.